Ọwọ́ Ló Mọ̀ Ọ́n, Ta Ló Kọ Ọ́? Ìtàn Àwọn Ìwé Tó Ń Kọ́ni Ní Gọ́ọ̀fù

  Bí ẹ bá rí àkọlé òkè yìí tí ẹ rò pé ẹ ti ṣìnà wọ ilé onílé, ẹ má sá. Ilé yín náà lẹ wà.

Ẹ mọ̀ pé oṣooṣù ni ẹnì kan nínú wa máa ń yan ohun tí gbogbo wa yóò jọ wádìí. Lóṣù yìí, ó kan ọ̀kan nínú wa tó ṣe iṣẹ́ kádì nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 2022. Kádì ni ẹni tó ń bá ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù ru àpò ọ̀pá káàkiri pápá, tó ń nu bọ́ọ̀lù, tó sì ń sọ fún un bí ihò ṣe jìnnà tó. Nígbà tó ní ìwé àtijọ́ tó ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù ni òun fẹ́ kí a kọ nípa rẹ̀, ẹ̀rín pa wá. Gọ́ọ̀fù kẹ̀? Eré àwọn olówó àti àwọn ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì? Kí ló kan àwa tí a ń kọ́ nípa oríkì, ìtàn àròsọ àti gírámà?

Kò bá wa jiyàn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun ní gọ́ọ̀fù, ojú lòun fi kọ́ ọ. Ọ̀gá kan tí òun ń ru àpò fún ló fún òun ní ìwé kan tí etí rẹ̀ ti gbó, tí àwòrán ọkùnrin kan tó dé fìlà pẹlẹbẹ kún inú rẹ̀. Ó ní, “Ohun tí ojú mi ti rí lọ́pọ̀ ìgbà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, ìwé yẹn dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọwọ́ mi mọ̀ tí n kò rí níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú ẹlòmíràn nínú wa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ó lọ bá bàbá àgbà kan tó ń gbẹ́ ìlù. Ó béèrè irú igi tí wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń fá awọ àti bí wọ́n ṣe ń fa ọṣán. Bàbá dá a lóhùn dáadáa. Àfìgbà tó fẹ́ dìde ni bàbá bi í pé, “Ọmọ mi, bí o bá kọ ọ́ tán, orúkọ ta ni yóò wà lára ìwé náà?” Kò rí èsì fọ̀. Nígbà tó sọ fún wa, àwa náà kò rí èsì fọ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìwé gọ́ọ̀fù nìyẹn. Ìgbà tí a ka ìkẹta tàbí ìkẹrin ni a rí i pé ìbéèrè bàbá onílù ni gbogbo ìtàn náà ń bá yí. Ọwọ́ kan mọ iṣẹ́, ọwọ́ mìíràn mọ̀ ọ́n kọ. Ìgbà wo ni ọwọ́ méjèèjì pàdé?

Kí ìwé tó dé

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà rárá, kò ṣòro. Ẹ ó fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ibì kan títí yóò fi kó sínú ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ihò mìíràn, títí ẹ ó fi ká ihò 18. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló borí. Sísọ rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọ̀pá tó gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ló mọ̀ pé ṣíṣe rẹ̀ kò rọrùn.

Skọ́tlándì ni eré náà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí ti gbilẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tó dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kò yìn ín, òfin tó kà á léèwọ̀ ni. Ní ọdún 1457, lábẹ́ Ọba James Kejì, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn yé gbá gọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ti ń ta ọfà, nítorí ogun. Ìyẹn ni pé àwọn mẹ̀kúnnù ti ń gbá a tipẹ́ kí kálàmù tó kàn án.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó gbìyànjú láti kọ bí a ti ń gbá a sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni. Thomas Kincaid ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìṣègùn ló ń kọ́ ní Edinburgh. Ní oṣù kìíní ọdún 1687, nínú ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, ó kọ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn dúró, bí ó ṣe yẹ kí iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti apá ṣe, àti bí ara ṣe ń yí. Ojú ẹni tó ń kọ́ nípa ara ènìyàn ló fi wo eré rẹ̀. Kò kọ ọ́ fún wa, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, bí a ṣe máa ń kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ wa kí ìdánwò tó dé.

Ní ọdún 1743, Thomas Mathison tẹ ìwé kan jáde ní Edinburgh tó pè ní The Goff. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ tó dá lórí gọ́ọ̀fù nìkan, ewì apanilẹ́rìn-ín sì ni. Ọdún kejì, ní 1744, àwọn ọlọ́lá tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Leith kọ òfin 13 tí wọn yóò fi máa díje. Nítorí náà, ewì ti wà, òfin ti wà. Ìwé tó ń kọ́ni kò tíì sí.

Ṣé ìmọ̀ náà kò sí ni? Ó wà. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló wà. Ẹ wo Allan Robertson ní St Andrews, tí wọ́n bí ní 1815. Bọ́ọ̀lù ló ń ṣe tà. Bọ́ọ̀lù ìgbà náà, awọ ni wọ́n ń rán tí wọ́n ń fi ìyẹ́ tí wọ́n ti bọ̀ kì, odindi fìlà gíga kan ìyẹ́ nínú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Robertson yìí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó o nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún 1858, ó fi ìgbá 79 ká pápá àtijọ́ ti St Andrews, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ọdún kejì ló kú. Tom Morris tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gba ìdíje Open lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín 1861 sí 1867. Ọmọ Morris, tí òun náà ń jẹ́ Tom, gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra kó tó kú ní 1875 ní ọmọ ọdún 24. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tó kọ ìwé ìkọ́ni kankan. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ bá wọn lọ, àfi èyí tí ojú ẹlòmíràn bá ti jí kó.

Ọlọ́lá kọ̀wé, òṣìṣẹ́ dúró fún àwòrán

Ìwé ìkọ́ni àkọ́kọ́ jáde ní 1857, ní ìlú Cupar ní agbègbè Fife. The Golfer’s Manual ni wọ́n pè é. H. B. Farnie ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Orúkọ tó fi bojú ni A Keen Hand, bí ẹni tó ń sọ pé òun ni ọwọ́ tó já fáfá. Nígbà tó yá, Farnie lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ fún eré olórin orí ìtàgé. Òǹkọ̀wé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ọwọ́ gan-an ni ìwé àkọ́kọ́ fi ṣe orúkọ, nígbà tó jẹ́ pé Robertson tó ní ọwọ́ náà ṣì wà láyé, tí ibi tó ń gbé kò sì jìnnà sí Cupar rárá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Horace Hutchinson, ọmọ ilé ọlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ Hints on the Game of Golf ní 1886. Òun náà ló ṣe olótùú ìwé ńlá lórí gọ́ọ̀fù tó jáde nínú ọ̀wọ́ ìwé Badminton ní 1890. Ẹ má ṣe rò pé kò mọ eré náà o. Ó gba ife àwọn tó ń gbá a fún fàájì ní 1886 àti 1887.

Èyí tí a fẹ́ràn jù nínú ìwé ìgbà náà ni The Art of Golf, tí Sir Walter Simpson kọ ní 1887. Bàbá rẹ̀ ni oníṣègùn tó fi han ayé pé a lè fi chloroform kun aláìsàn lóorun kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Simpson ni ọ̀rẹ́ tó bá Robert Louis Stevenson wa ọkọ̀ ojú omi kékeré nínú ìrìn-àjò tí Stevenson kọ sínú An Inland Voyage. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó sì mọ̀ ọ́n dá ẹ̀rín sílẹ̀. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù bá ti ń ro èrò púpọ̀, wàhálà dé nìyẹn. Ẹni tó bá ti ro ìlànà àmì ohùn títí tó fi gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ yóò mọ ohun tó ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwòrán inú ìwé náà. Ogún ni wọ́n, fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí ọ̀pá ń fì lọ́wọ́, ohun tuntun ni nígbà náà. Ojú ìwé àkọlé sọ pé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló wà nínú àwòrán, pé A. F. Macfie ló sì ya púpọ̀ jù nínú wọn. Macfie ti gba ife àwọn afàájì-gbá-gọ́ọ̀fù ní 1885. Ìyẹn ni pé ọlọ́lá kan kọ̀wé, ọlọ́lá kejì mú ẹ̀rọ ayàwòrán dání, òṣìṣẹ́ ló fi ara ṣe àpẹẹrẹ. Ara òṣìṣẹ́ ni ìwé ń fi kọ́ni. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn ìwé.

A kò sọ pé olè ni wọ́n. Bí kì í bá ṣe Simpson, a kì bá má rí bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe ń dúró. Ohun tí à ń sọ ni pé ìbéèrè bàbá onílù ti wà níbẹ̀ láti 1887.

Ọmọ ọ̀dọ̀ gba kálàmù

Ọdún 1896 ni ọwọ́ méjèèjì pàdé. Willie Park kékeré, ará Musselburgh, tó gba Open ní 1887 àti 1889, kọ The Game of Golf. Bàbá rẹ̀ ló gba Open àkọ́kọ́ pàá ní 1860. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń ṣe tà nínú ẹbí wọn. Òun ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ óò rí i nínú ìwé náà pé ẹni tó mọ bí a ti ń ṣe ọ̀pá ló ń sọ̀rọ̀: ó mọ igi, ó mọ irin, ó mọ ìdí tí ọ̀pá kan fi wúwo ju òmíràn lọ. Ní 1920, ó tún kọ òmíràn lórí títa bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ sínú ihò nìkan.

Lẹ́yìn Park ni J. H. Taylor, ọmọ abúlé Northam ní Devon. Ọmọ ọdún 11 ló wà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ṣe kádì, ó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé kan. Ẹ mọ ilé ta ni? Ilé ẹbí Hutchinson, Horace Hutchinson tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ tán. Ọmọ onílé ń kọ̀wé lórí gọ́ọ̀fù, ọmọ ọ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé. Nígbà tó yá, ọmọ ọ̀dọ̀ gba Open lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù ní 1901, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ ní 1902. Taylor on Golf ni àkọlé rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe ṣíwájú. A rò pé kò ṣèèṣì.

Ní 1905, Harry Vardon kọ The Complete Golfer. Ọmọ olùtọ́jú ọgbà ni, láti erékùṣù Jersey, òun náà sì ṣiṣẹ́ ọgbà. Ó gba Open lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní. Ìwé rẹ̀ tàn káàkiri, ó sì gbé ọ̀nà kan tí a fi ń di ọ̀pá mú káyé: ọmọ-ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún yóò gun ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ òsì. Títí dòní, “ìdìmú Vardon” ni wọ́n ń pè é. Johnny Laidlay, ará Skọ́tlándì, ti ń di ọ̀pá mú bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí nínú ìtàn yìí: ẹni tó kọ ọ́ lórúkọ máa ń mọ́, kódà bí òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́. Ìwé kì í ṣe àdájọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dé ibi tó jìnnà ló ń rántí.

Àwọn obìnrin náà kò dákẹ́. Genevieve Hecker, tó gba ife àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní 1901 àti 1902, kọ Golf for Women ní 1904. Kí tirẹ̀ tó jáde, ọkùnrin ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé gọ́ọ̀fù, bí ẹni pé kò sí obìnrin lórí pápá.

Ẹsẹ̀ kan, aṣọ ìnujú, àti ọ̀bẹ kékeré

Ìtàn tó mú wa dákẹ́ jù ni ti Ernest Jones. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, ní Chislehurst, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ó wọṣẹ́ ológun. Ní 1916, ó fara gbọgbẹ́ ní Faransé, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Gbogbo ìwé ìgbà náà ló ń sọ bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Jones padà sórí pápá pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì lọ.

Ìbéèrè tó jáde níbẹ̀ nìyí: bí ẹsẹ̀ bá lè dín kan kí bọ́ọ̀lù ṣì máa lọ, kí gan-an ló ń gbá bọ́ọ̀lù? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé orí ọ̀pá ni. Kí orí ọ̀pá máa fì, ìyókù ara yóò tẹ̀ lé e. Láti fi hàn wọ́n, ó so ọ̀bẹ kékeré kan mọ́ etí aṣọ ìnujú, ó sì ń mú un fì. Bí ènìyàn bá fi agbára tì í, aṣọ yóò ká, ọ̀bẹ kò ní lọ síbì kankan. Bó bá jẹ́ kó fì bí àgàn tí ọmọdé so mọ́ igi, yóò lọ, yóò bọ̀. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá kan ní Niú Yọ́ọ̀kì, láìsí pápá níbẹ̀. Swinging into Golf jáde ní 1937, Swing the Clubhead sì jáde ní 1952.

Ohun tí a fẹ́ràn níbí ni pé kò gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó fa ọ̀bẹ àti aṣọ yọ. Percy Boomer, ọmọ Jersey bíi Vardon, tó kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní St Cloud lẹ́bàá ìlú Paris, gba ọ̀nà tó sún mọ́ èyí nínú On Learning Golf, tó jáde ní 1942. Lójú tirẹ̀, bí nǹkan ṣe ń rí lára ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́, kó má ṣe há àṣẹ sórí.

Ọkùnrin tó dé fìlà pẹlẹbẹ

Ní Amẹ́ríkà, Bobby Jones gba ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún 1930, ó sì fi ìdíje sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 28. Agbẹjọ́rò ni, ó kàwé gan-an, kò sì gba owó láti díje rí. Ta ló kọ́ ọ? Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Atlanta, Stewart Maiden, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti Carnoustie ní Skọ́tlándì, ló máa ń tẹ̀ lé káàkiri pápá tó ń wò. Ojú ló fi kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí kádì wa. Ní 1966, nígbà tí àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn ti gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, wọ́n ṣa àwọn ohun tó ti ń kọ sínú ìwé ìròyìn láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Bobby Jones on Golf. Nínú gbogbo ìwé tí a kà, èdè tirẹ̀ ló gún jù. Jones kò fi Maiden pamọ́, ó dárúkọ rẹ̀ léraléra.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé tí etí rẹ̀ gbó tí ọ̀gá fún kádì wa. Five Lessons: The Modern Fundamentals of Golf ni, ti Ben Hogan. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Hogan, láti Texas. Ọmọdé ló wà tí bàbá rẹ̀ fi pa ara rẹ̀. Ó ṣe kádì ní Fort Worth. Ní oṣù kejì ọdún 1949, bọ́ọ̀sì kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rò pé kò ní rìn mọ́. Ní 1950, ó gba US Open. Ní 1953, ó gba ìdíje ńlá mẹ́ta. Ní 1957, ó jókòó pẹ̀lú òǹkọ̀wé Herbert Warren Wind àti ayàwòrán Anthony Ravielli, ẹ̀kọ́ márùn-ún náà sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Sports Illustrated kó tó di ìwé.

Ẹni mẹ́ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ náà: ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n yà. Èyí tó dùn mọ́ wa ni pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ṣíwájú. Àwòrán Ravielli tó pọ̀n lójú ìrántí jù ni ti gíláàsì fífẹ̀ kan tó dùbúlẹ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù títí dé èjìká Hogan, tí orí rẹ̀ yọ síta láàárín. Kádì wa ní àwòrán yẹn kan ṣoṣo tó ẹ̀kọ́ oṣù kan.

Ìwé pupa àti ọkùnrin tí kò kọ̀wé

Harvey Penick, tí wọ́n bí ní 1904 ní Austin, ní Texas, ti ń ṣe kádì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti 1923 ló ti jẹ́ ọ̀gá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Austin Country Club. Bó ṣe ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ohun tó rí sínú ìwé pupa kan. Kò fi han ẹnikẹ́ni àfi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó tó ọgọ́ta ọdún kó tó gbé e lé òǹkọ̀wé Bud Shrake lọ́wọ́. Harvey Penick’s Little Red Book jáde ní 1992, ó sì tà bí ìwé eré ìdárayá kan kò tíì tà rí. Wọ́n ní nígbà tí Shrake kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìwé náà ti di 90,000 dọ́là, bàbá kò sùn. Ó rò pé òun ni yóò san owó náà kí wọ́n tó lè bá òun tẹ ìwé. Ẹni tó ti ṣe àgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó báyẹn, kò mọ̀ pé ìmọ̀ òun ní iye tí ayé yóò san fún.

Bàbá Penick kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1995. Ben Crenshaw, tó ti ń kọ́ láti kékeré lọ́dọ̀ rẹ̀, wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìdíje Masters ní Augusta. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ kú, Crenshaw, ní ọmọ ọdún 43, gba ìdíje náà. Ó tẹ̀ ba lórí koríko, ó ń sunkún. Gbogbo ayé ló mọ ìdajì ìtàn yìí.

Ìdajì kejì ni ti ẹni tó na ọwọ́ gbé e dìde, kádì rẹ̀, Carl Jackson. Adúláwọ̀ ni. Kó tó di 1983, kádì ilé náà ni ẹni tó bá wá díje ní Augusta gbọ́dọ̀ lò, adúláwọ̀ sì ni wọ́n. Títí di 1961, òfin ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Amẹ́ríkà sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún 1961 náà ni Jackson kọ́kọ́ ru àpò nínú Masters, ọmọ ọdún 14 ló sì wà. Lọ́sẹ̀ tí Penick kú, bọ́ọ̀lù Crenshaw kò lọ dáadáa. Jackson wò ó, ó ní kó sún bọ́ọ̀lù sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìdúró rẹ̀, kó sì jẹ́ kí èjìká rẹ̀ yí pọ̀ mọ́ra. Ohun méjì péré. Crenshaw fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìyẹn ló yí gbogbo nǹkan padà.

Olùkọ́ méjì ló gba ife náà fún un. Ọ̀kan ní ìwé tí gbogbo ayé ń rà. Èkejì kò ní ìwé, ó ní ojú. Ọdún 2013 ni orúkọ Jackson tó wọ ẹ̀yìn ìwé, nígbà tí òun àti Crenshaw jọ gbé Two Roads to Augusta jáde. Ìtàn ayé àwọn méjèèjì ni, kì í ṣe ìwé ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà?

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ka Simpson. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ka Park àti Vardon. Ti Vardon wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg. Bí ẹ bá fẹ́ èdè tó dán, ẹ wá Bobby Jones. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ eré náà ní tòótọ́, ẹ mú Hogan fún àwòrán, kí ẹ sì mú Ernest Jones tì í, kí ara yín má bàa le. Penick ni kí ẹ kà kẹ́yìn, lálẹ́, ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ní tiwa, a ti padà sọ́dọ̀ bàbá onílù. A sọ fún un pé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀yìn ìwé, nínú àfikún, ni a máa ń to orúkọ àwọn abẹ́nà ìmọ̀ sí. A ní àwa tí a ń kọ àpilẹ̀kọ lọ́dún yìí ti fẹnu kò pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni orúkọ wọn yóò máa wà, kí ọ̀rọ̀ tiwa tó bẹ̀rẹ̀, bí àwọn fúnra wọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn alábòójútó wa gbà pé kò sí òfin tó dí wa lọ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí a tún padà wá, nítorí ohun tí òun sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn kò tíì tó ìdajì.

A bi kádì wa léèrè pé kí ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ tí kò sí nínú ìwé Hogan. A ní kó kọ ọ́ kí a fi parí àpilẹ̀kọ yìí. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ó kọ ìlà méjì, ó pa á rẹ́. Ló bá dìde, ó mú ìgbálẹ̀ onígi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí a sún mọ́ òun, kí a máa wo ọwọ́ òun.

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.